Ife Vanderbilt àti Títì Olówó Tó Pòórá ní Long Island: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀nà kan wà ní Queens, nílùú New York, tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ Sátidé. Kò fẹ̀. Igi ṣíji bò ó lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, àwọn àgbà ń mú ajá wọn ṣeré. Bí mo bá ti lè sọ fún ẹni tí a jọ ń rìn pé mọ́tò àwọn olówó ló ń gba ibẹ̀ láyé ọjọ́un, àti pé torí eré ìje ni wọ́n ṣe dá irú títì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Títì wo gan-an là ń sọ?

Long Island Motor Parkway ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí olówó kan tó ń jẹ́ Vanderbilt àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe ìjọba. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, nígbà tó sì fi máa di 1911 ó ti dé etí adágún Ronkonkoma láàárín Long Island, erékùṣù gígùn tí Queens wà lórí rẹ̀. Nígbà tó gùn tán, ó tó nǹkan bíi máìlì 45. Queens ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba agbègbè Nassau kọjá, ó wá parí sí agbègbè Suffolk. Mọ́tò nìkan ló wà fún. Ẹlẹ́ṣin ò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹlẹ́rù ò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ náà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, á kọ́kọ́ sanwó ní géètì. Ní 1938 ni wọ́n tì í pa.

Ta ni Vanderbilt yìí, níbo ló sì ti rówó?

William Kissam Vanderbilt Kejì ni, Willie K. lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1878, ó kú ní 1944. Cornelius Vanderbilt tó jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ ojú omi àti reluwé kó ọrọ̀ náà jọ, nítorí náà ìgbà tí Willie K. dáyé, owó ti ń dúró dè é nílé. Ohun tí òun fi owó ṣe ni mọ́tò. Ní oṣù Kìíní 1904, ó wa Mercedes kan lórí iyanrìn etí òkun ní Florida, ní ìyára máìlì 92 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ rántí pé lọ́dún yẹn, ẹṣin ni ọ̀pọ̀ èèyàn Amẹ́ríkà ṣì ń gùn lọ sọ́jà.

Ṣé òun ló bẹ̀rẹ̀ eré ìje mọ́tò ni?

Rárá o. Àwọn Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní oṣù Keje 1894, ìwé ìròyìn kan ní Paris pe àwọn tó ní ọkọ̀ tí ẹṣin kì í fà pé kí wọ́n wà á láti Paris dé Rouen. De Dion tó jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń lo ooru omi, ṣùgbọ́n àwọn onídàájọ́ ní ọkọ̀ tí èèyàn kan ń wà, tí ẹlòmíì sì ń koná mọ́, kì í ṣe ohun tí aráàlú lè máa lò. Peugeot àti Panhard, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Faransé méjì, ni wọ́n pín ẹ̀bùn náà fún.

Lọ́dún kejì, wọ́n lọ láti Paris dé Bordeaux, wọ́n sì padà. Émile Levassor lo wákàtí 48 àti ìṣẹ́jú 48 lórí ìjókòó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn rárá, ó fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣáájú gbogbo wọn. Òun náà ò gba ẹ̀bùn gíga jù. Òfin ìdíje ní kí ọkọ̀ tó máa gba á ní ju ìjókòó méjì lọ, méjì péré sì ni tiẹ̀ ní. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ẹni tó kọ́kọ́ dé máa padà sílé lọ́wọ́ òfo; n kì í lè ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kọkànlá 1895 ni Amẹ́ríkà gbìyànjú tiwọn ní Chicago, nínú yìnyín. Frank Duryea ló gbégbá orókè. Nǹkan bíi máìlì 54 gbà á ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń sáré wẹ́wẹ́ lè máa bá a tàkúrọ̀sọ lọ.

Ayé yí padà kíákíá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbéra láti Paris lọ sí Madrid ní 1903, àwọn mọ́tò náà ti yára ju títì tí wọ́n ń rìn lọ. Àwọn awakọ̀ kú, àwọn èèyàn tó ń wòran kú. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó dá ilé-iṣẹ́ Renault sílẹ̀, wà lára wọn. Ìjọba dá a dúró ní Bordeaux. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí ni Willie K. gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wá sí Long Island.

Kí ló wá fún un ní irú èrò bẹ́ẹ̀?

Ó ti gbé Yúróòpù, ó ti bá wọn díje níbẹ̀, ó sì rí i pé mọ́tò Faransé àti ti Jámánì fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ jìnnà. Lójú tiẹ̀, bí àwọn àlejò bá wá nà wọ́n nílé wọn, tí gbogbo ayé sì ń wò, ìtìjú á kọ́ àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà lọ́gbọ́n. Ó ní kí Tiffany, ilé-iṣẹ́ oníṣọ̀nà góòlù àti fàdákà, fi fàdákà ṣe ife ńlá kan fún ẹni tó bá borí, òun ni Ife Vanderbilt, wọ́n sì ya Willie K. fúnra rẹ̀ sára ife náà nínú Mercedes tó fi sáré ní Florida. Ẹni tó fi ẹ̀bùn sílẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ ló wà lára ẹ̀bùn.

Báwo ni ìje àkọ́kọ́ ṣe lọ?

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1904 ni. Kò sí pápá ìje kankan. Títì tí gbogbo èèyàn ń gbà ní Nassau àti Queens ni wọ́n lò. Ìyípo kan lé díẹ̀ ní máìlì 28, wọ́n sì máa yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n da epo rọ̀bì sójú ọ̀nà kí eruku má baà fọ́ awakọ̀ lójú. Láti òru ni èrò ti ń wọ́ wá láti New York, nítorí aago mẹ́fà ìdájí ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní bẹ́líìtì. Èèyàn méjì ló ń jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpótí: awakọ̀, àti mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì ló ń fọwọ́ pọ́ǹpù kí epo lè máa dé ibi tó yẹ kó dé. Òun ló ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó fẹ́ yà wọ́n sílẹ̀, òun ló ń wo táyà bóyá ó fẹ́ bẹ́. Tí ó bá bẹ́, òun àti ọ̀gá rẹ̀ á jọ fò sílẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Orúkọ awakọ̀ ló máa jáde nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé, mẹkáníìkì ló sábà máa ń kú. Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn. Wàhálà táyà dojú Mercedes George Arents dé, mẹkáníìkì rẹ̀ sì kú.

Ọkọ̀ 18 ló gbéra. Ní Hicksville àti Hempstead, níbi tí ìlú ti há, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n sì rọra kọjá, wọn kì í ka àsìkò ibẹ̀ mọ́ ti ìje. George Heath, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní Paris, ló fi Panhard gba ife náà, ìyára rẹ̀ sì lé ní máìlì 52 ní wákàtí kan. Albert Clément tẹ̀ lé e, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì tó fi wà láàárín wọn. Bí àwọn méjèèjì ṣe dé báyìí, èrò ya bo títì. Wọ́n ní láti pa ìje tì, kí àwọn ọkọ̀ tó kù má baà pa wọ́n.

Àwọn ará abúlé tí wọ́n gba títì lọ́wọ́ wọn ńkọ́?

Inú bí wọn. Àwọn tó ṣètò ìje lẹ ìkìlọ̀ káàkiri pé kí àwọn ará abúlé so ajá wọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì ti adìẹ wọn mọ́lé. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbé wàrà àti ewébẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní kó dúró dìgbà tí àwọn olówó bá ṣeré tán. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá bí kóòtù á ṣe dá a dúró. Àwọn míì gba kámú, wọ́n ń ta oúnjẹ fún èrò. Ní tèmi, ẹ̀yìn àwọn àgbẹ̀ yẹn ni mo wà. Owó orí àwọn èèyàn ni wọ́n fi ṣe títì, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n kí wọ́n tó fi sáré àsápajúdé.

Nínú gbogbo ìje wọ̀nyẹn, èwo lo fẹ́ràn jù?

Ti 1905, nítorí Lancia. Vincenzo Lancia ọmọ Ítálì, ẹni tó wá dá ilé-iṣẹ́ Lancia sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló ń wa Fiat. Ó ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ débi pé ẹnu èrò ti ń sọ ọ́ di ẹni tó gbà á tán. Ó yà láti dúró ṣe àtúnṣe díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ jáde padà, Walter Christie ń bọ̀ kíkankíkan. Ẹni tó ń bọ̀ yìí ò sí lára àwọn tó lè gba ife rárá, ó ti jìnnà sẹ́yìn. Lancia ò dúró kó kọjá, ó wọ títì níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọlu ara wọn. Ọkọ̀ Christie fọ́. Fiat ṣì lè rìn, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n máa fi tún un ṣe tán, ipò kẹrin ló kù fún un. Victor Hémery tó ń wa Darracq ti Faransé ló gba ife náà.

Christie yìí náà ló wá di ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ ogun. Ọgbọ́n tó dá sí ìsàlẹ̀ táǹkì ni Rọ́ṣíà mú, tí wọ́n sì lò lára T-34 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé òkú ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ títì tiwọn?

Òun ló tì wọ́n débẹ̀. Ní 1906, èrò ti pọ̀ kọjá kèrémí, gbogbo ibi tí kọ́nà bá ti wà ni wọ́n ń dúró sí nítorí ibẹ̀ ni eré ti ń dùn. Wọ́n máa ń dúró sí àárín títì gan-an, bí ọkọ̀ bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yà fún un. Ọkọ̀ kan gbá òǹwòran kan pa. Ẹni tó wà á ni Elliott Shepard, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Vanderbilt fúnra rẹ̀. Louis Wagner ló gba ife lọ́dún náà, Darracq ni òun náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Wọn ò díje ní 1907. Kí ọdún 1906 tó parí, Willie K. àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ ọ̀nà tí kò ní sí àgbẹ̀, adìẹ, tàbí ojú irin níbẹ̀.

Kí ló wà lára títì náà tí títì yòókù ò ní?

Kọnkéré tí wọ́n tẹ́ irin sínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà agbègbè náà ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n gbé etí kọ́nà kan sókè ju ìkejì lọ kí mọ́tò má baà fò jáde. Wọ́n ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí oríta kankan. Gbogbo ọ̀nà tó bá fẹ́ dábùú rẹ̀, orí afárá tàbí abẹ́ afárá ló máa gbà. Afárá náà tó 65. Ẹ wo títì márosẹ̀ èyíkéyìí lónìí, ẹ máa rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ó ní àbùkù tirẹ̀ o. Ọwọ́ onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ra ilẹ̀, ẹni tí kò bá tà, wọ́n á yí ọ̀nà gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ó há, àwọn afárá rẹ̀ sì ga gọngọ.

Ìgbà wo ni Amẹ́ríkà wá gba ife tiwọn?

Ní 1908, lọ́dún tí títì náà ṣí gan-an. Oṣù Kẹfà ni wọ́n fi ọkọ́ kan ilẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá, nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀. Wọ́n so ìyẹn pọ̀ mọ́ títì ìjọba kí ìyípo lè pé. George Robertson ló wa Locomobile tí nọ́ńbà 16 wà lára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ni táyà rẹ̀ bẹ́. Òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní wàràwàrà, wọ́n fò padà sókè, Isotta ti Ítálì sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú rẹ̀ dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mọ́tò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà gba Ife Vanderbilt.

Ọkọ̀ náà wà títí dòní, Old 16 ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn.

Ṣé títì tuntun náà wá fòpin sí ikú?

Kò fòpin sí i. Apá kan ìyípo ṣì jẹ́ títì gbogbo ayé, èrò ò sì yé pọ̀. Harry Grant tó ń wa Alco gba ife ní 1909, ó tún gbà á ní 1910, ìṣẹ́jú-àáyá 25 péré ló sì fi ṣáájú Marmon tí Joe Dawson wà. Ìje 1910 yẹn le púpọ̀. Ọkọ̀ Louis Chevrolet, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò títí dòní, yà kúrò lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì rẹ̀ kú. Mẹkáníìkì ọkọ̀ mìíràn náà kú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fara pa. Ìpínlẹ̀ New York fòfin de eré ìje lójú títì. Títì tí wọ́n tìtorí ìje kọ́ ò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìje.

Eélòó ni wọ́n ń gbà ní géètì?

Dọ́là 2 ni ní 1908. Owó kékeré kọ́: ní 1914, tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í san dọ́là 5 lóòjọ́ fún òṣìṣẹ́, gbogbo ayé ló pariwo pé ó pọ̀ jù. Ó wálẹ̀ sí dọ́là kan ààbọ̀ ní 1912, ó di dọ́là kan ní 1917, nígbà tó sì fi máa di 1938, sẹ́ǹtì 40 ni.

Àwọn tó ń gbowó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ilé ni géètì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ ló ń sùn níbẹ̀, bí mọ́tò bá sì fọn fèrè lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde lọ ṣílẹ̀kùn. John Russell Pope ló ya mélòó kan nínú àwọn ilé náà, ẹni kan náà tó wá ya ilé ìrántí Jefferson ní Washington. Èyí tó wà ní Garden City, wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà sí àárín ìlú, ó sì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí.

Mo gbọ́ pé àwọn oníṣòwò ọtí lò ó?

Wọ́n lò ó. Láàárín 1920 sí 1933 tí òfin Amẹ́ríkà fi de ọtí, ọkọ̀ ojú omi ń já a sí etíkun Long Island lóru. Títì tí kò ní oríta, tó sì lọ sí ọ̀nà New York, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Kí ló wá pa á?

Títì ọ̀fẹ́ ni. Robert Moses, ọ̀gá àgbà lórí ọgbà ìtura àti ọ̀nà ní New York, kọ́ Northern State Parkway sí tòsí rẹ̀. Ó fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí géètì níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ta ló máa san sẹ́ǹtì 40 láti gba ibi tó há, nígbà tí ibi tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́fẹ̀ẹ́? Gbogbo ohun tí Moses fi lé Willie K. kúrò lórí títì, láti afárá dórí ọ̀nà tí kò ní oríta, ti Willie K. náà ló ti kọ́kọ́ wà. Gbèsè owó orí ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹrin 1938, wọ́n tì í, wọ́n sì fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ìjọba Queens, Nassau àti Suffolk lọ́wọ́.

Kí ló ṣẹ́ kù tí èèyàn lè rí?

Ní Nassau, díẹ̀ ló kù. Òpó iná mànàmáná gba orí apá kan, ilé gba ìyókù. Ní Queens, lọ́dún 1938 kan náà, wọ́n sọ nǹkan bíi máìlì méjì ààbọ̀ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, láti Cunningham Park dé Alley Pond Park. Ibi tí mo ń rìn nìyẹn. Bí ẹ bá dé orí afárá tó kọjá lórí Springfield Boulevard, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ògiri kọnkéré rẹ̀. Òkúta inú rẹ̀ ti yọ síta bí egungun ìhà. Ẹ tún wo etí ọ̀nà dáadáa, nínú koríko, ẹ máa rí òpó kọnkéré kúkúrú, òmíràn dúró, òmíràn ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan bi mí bóyá sàréè ni wọ́n. Òpó tí wọ́n fi ń dá mọ́tò dúró kó má já sígbó ni.

Ife náà ńkọ́?

Ó rìnrìn àjò lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Long Island: Savannah, Milwaukee, Santa Monica, San Francisco. Ralph DePalma gbà á lẹ́ẹ̀mejì, Dario Resta náà gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn 1916. Ní 1936 wọ́n jí orúkọ rẹ̀ dìde lórí pápá Roosevelt Raceway ní Long Island. Tazio Nuvolari fi Alfa Romeo borí níbẹ̀, Bernd Rosemeyer ti Jámánì sì borí lọ́dún kejì. Ife àkọ́kọ́ gan-an wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington.

Ṣé mo ṣì lè wa mọ́tò lórí títì náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní Suffolk. Láti Dix Hills dé Ronkonkoma, ìjọba káúntì sọ ọ́ di títì tiwọn, Vanderbilt Motor Parkway ló ṣì ń jẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ lórí Long Island Expressway, ẹ yà ní nọ́ńbà 55. Ẹ rọra wà á o, kọ́nà ibẹ̀ ò tíì kúrò níbi tí àwọn onílẹ̀ yẹn tì wọ́n sí.